Bí A Ṣe Lè Rìnrìn Àjò Afẹ́ ní Addis Ababa, Ìlú Orí Òkè

Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tó ń wọ ọkọ̀ òfurufú láti Èkó lọ sí Éṣíà ló máa ń gba Addis Ababa, olú-ìlú Ethiopia, kọjá láìrí ju pápákọ̀ òfurufú ibẹ̀ lọ. Bí ẹ bá lè fi ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin sílẹ̀ fún un, ìlú náà yẹ ní wíwò dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ fi sọ́kàn pé ó ga. Ó fi nǹkan bíi 2,355 mítà ga ju ojú òkun lọ; Jos tí a ń pè ní ìlú òtútù nílé wa kàn fi díẹ̀ ju ìdajì gíga yẹn lọ ni. Òkè Entoto tó wà ní àríwá ìlú tún ga tó nǹkan bíi 3,200 mítà. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé ọ́síjìn inú èémí kan ní Addis kò ju bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin èyí tí ẹni tó wà ní Èkó ń mí sínú lọ. Ìdí nìyí tí mo fi gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ to àwọn ibi tí ẹ fẹ́ wò láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí Entoto sì gbẹ̀yìn gbogbo rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ló ṣáájú, nítorí ó kan àwa gan-an. Ẹni tó bá ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde gbọ́dọ̀ rí dókítà rẹ̀ kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì rárá, torí pé àìtó ọ́síjìn lè ta àrùn náà jí. Ẹlẹ́jẹ̀ AS kì í sábà rí wàhálà kankan, àmọ́ bí ìrora líle bá mú un lábẹ́ egungun ìhà òsì nígbà tó wà lórí òkè, kó má ṣe rò pé àárẹ̀ lásán ni. Ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ. Aláboyún àti ẹni tí ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò dá ṣáṣá náà ní láti béèrè lọ́wọ́ dókítà.

Ẹ di ẹ̀wù òtútù sínú àpótí, nítorí oòrùn ọ̀sán lè mú kí ẹ rò pé ẹ kò nílò rẹ̀, kí òru sì kọ́ yín lọ́gbọ́n, pàápàá ní oṣù kọkànlá àti ìkejìlá. Oòrùn náà a máa jó awọ ara kíákíá ní ibi gíga bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ má gbàgbé fìlà. Òjò máa ń pọ̀ láti oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án; láti oṣù kẹwàá ni kí ẹ lọ.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá dé, ẹ má ṣe jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí àyà yín bá ń lù kìkìkì lẹ́yìn tí ẹ gun àtẹ̀gùn ilé ìtura, tàbí bí orí bá fọ́ yín díẹ̀ tí oorun ò sì dá. Ẹ mu omi, ẹ rìn pẹ̀lẹ́, kí ẹ sì fi tej, ọtí tí wọ́n fi oyin pọn, sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n bí orí fífọ́ náà bá ń le sí i pẹ̀lú èébì, tàbí tí ẹnì kan ò lè mí dáadáa níbi tó jókòó sí, tàbí tó ń sọ ìsọkúsọ, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ọjọ́ kìíní yìí gan-an ló dára fún ibi tí wọ́n ti ń se kọfí. Obìnrin tó ń se é yóò tẹ́ koríko tútù sílẹ̀, yóò yan kọfí lórí ẹyín iná lójú yín, yóò sì gbé e káàkiri kí oníkálukú lè gbóòórùn èéfín rẹ̀ kó tó gún un, kó tó sè é nínú jebena, ìkòkò amọ̀ ọlọ́rùn gígùn. Ife mẹ́ta ló máa ń bù, èyí tó kẹ́yìn ni wọ́n ń pè ní baraka; ìwà àìbọ̀wọ̀fúnni ni kí ẹ dìde lẹ́yìn ife kan.

Ní ọjọ́ kejì, ẹ wọ takisí lọ sí Sidist Kilo, kí ẹ sì fẹsẹ̀ rìn sọ̀kalẹ̀ lọ sí Arat Kilo, nítorí ọ̀nà náà ń dà gẹ̀rẹ́ lọ sí ìsàlẹ̀. Ilé ọba Haile Selassie àtijọ́, tó ti di mùsíọ́ọ̀mù nínú yunifásítì, ni ẹ ó kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Mùsíọ́ọ̀mù Ìjọba, ibi tí wọ́n ti ń ṣàfihàn ẹ̀dà Lucy, egungun ẹ̀dá àtijọ́ kan tó jọ ènìyàn, tí wọ́n hú jáde ní Hadar lọ́dún 1974, tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó mílíọ̀nù mẹ́ta ọdún ó lé. Nítòsí Arat Kilo ni ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́talọ́kan Mímọ́ tí wọ́n sin Haile Selassie sí lọ́dún 2000.

Bí ẹ bá bá awakọ̀ dá àkókò, ẹ bi í pé aago ta ni. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń ka aago tiwọn, aago méje àárọ̀ wa sì ni aago kan lọ́dọ̀ wọn.

Ọba Menelik gbé orí Entoto kó tó sọ̀kalẹ̀ wá tẹ Addis dó ní 1886, níbi ìsun omi gbígbóná tí ìyàwó rẹ̀, Taytu, fẹ́ràn. Òtútù òkè náà sì wà lára ohun tó lé wọn kúrò. Ẹ fi ọkọ̀ gòkè lọ ní òwúrọ̀. Ẹ wo ṣọ́ọ̀ṣì Maryam, ibi tí wọ́n ti dé Menelik ládé lọ́dún 1889, ẹ bọ́ bàtà yín lẹ́nu ọ̀nà, kí àwọn obìnrin sì fi aṣọ borí. Ẹ lè rí àwọn obìnrin tí wọ́n ru ìdì igi eucalyptus sẹ́yìn, tí wọ́n ń bọ̀ láti inú igbó. Ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó ya fọ́tò wọn. Bí orí bá ṣì ń fọ́ yín láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ fi Entoto sílẹ̀, kí ẹ wá ọjà Merkato lọ pẹ̀lú amọ̀nà, kí ẹ sì di àpò yín mú.