Bí A Ṣe Ń Dá Ọkọ̀ Oníná Tí A Gbà Lówó Oṣù Padà, Tàbí Pààrọ̀ Rẹ̀, Bí Ilé-iṣẹ́ Tó Ṣe É Bá Ní Ó Léwu

Ọ̀wọ́n epo ti mú kí àwọn awakọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ máa bèèrè ọkọ̀ oníná, èyí tó ń fi bátìrì rìn. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ lò ó sábà máa ń gbà á lówó oṣù tàbí ní háyà-pọ́ṣéèsì. Lọ́jọ́ tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é bá wá kéde pé ó ní àléébù, ọkọ̀ kì í ṣe tiyín, ọwọ́ yín ló sì wà. Ìbínú ló ń kó èèyàn sí gbèsè nírú àkókò bẹ́ẹ̀: wọ́n á dá owó oṣù dúró, tàbí kí wọ́n lọ já ọkọ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ agẹ́ńtì láìgba ìwé kankan. Bẹ́ ẹ bá fara balẹ̀ ṣe é, ọkọ̀ á kúrò lọ́wọ́ yín, owó tẹ́ ẹ ti san kò sì ní bá a lọ.

Ṣé ó kan ọkọ̀ yín?

Ìkéde orí WhatsApp kò tó. Nọ́ńbà ṣáṣí ni kẹ́ ẹ wò. Lẹ́tà àti nọ́ńbà tó jẹ́ 17 lápapọ̀ ni, ó wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú lápá awakọ̀, tàbí lára òpó tí ilẹ̀kùn awakọ̀ ń pa dé. Ẹ fi fóònù yà á, torí bẹ́ ẹ bá ṣi lẹ́tà kan kọ, ọkọ̀ ẹlòmíì lẹ máa yẹ̀ wò. Kì í sí I, O tàbí Q nínú rẹ̀; ohun tó bá jọ O níbẹ̀, òdo ni. Lẹ́tà tàbí nọ́ńbà tó ṣáájú ń sọ ibi tí wọ́n ti ṣe é: 1, 4 tàbí 5 ni Amẹ́ríkà, K ni Kòríà, L ni Ṣáínà, W ni Jámánì.

Bó bá jẹ́ tòkúnbọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, ẹ tẹ nọ́ńbà náà sí nhtsa.gov/recalls, ìkànnì àjọ tó ń rí sí ààbò ojú pópó ní Amẹ́ríkà, wọn kì í gbowó. Àléébù tí wọn ò tíì tún ṣe nìkan ló máa gbé jáde. Èyí tí wọ́n bá ṣe fún ọjà ibòmíì, ẹ kọ̀wé sí aṣojú ilé-iṣẹ́ náà ní Nàìjíríà.

Irú ewu wo ni?

Nígbà míì, sọ́fíwíà lásán ni wọ́n máa yí padà. Ìyẹn ò tó ohun tí èèyàn ń pààrọ̀ ọkọ̀ sí. Òmíràn, wọ́n á ní kẹ́ ẹ má wà á mọ́ rárá. Èyí tó wà láàárín ló le jù: ẹ lè wà á, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ bátìrì. Ẹ wo ọkọ̀ oníná tó ń jẹ́ Chevrolet Bolt. Oṣù kọkànlá 2020 ni General Motors, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, kọ́kọ́ pe díẹ̀ lára àwọn ọkọ̀ náà padà. Nígbà tó fi di oṣù kẹjọ 2021, gbogbo Bolt tí wọ́n ti ṣe ló ti kàn. Àléébù méjì ló wà nínú bátìrì tí LG ṣe fún wọn. Bí méjèèjì bá ṣe kòńgẹ́ ara wọn, iná lè sọ. Kí wọ́n tó pààrọ̀ bátìrì, wọ́n ní kí àwọn onímọ́tò má ṣáàjì kọjá ìdá 90 nínú 100, kí wọ́n gbé e síta bí wọ́n bá ti ṣáàjì tán, kí wọ́n má sì fi í sórí iná mọ́jú nínú ilé.

Ibi tí ọkọ̀ máa sùn

Ìlànà yẹn rọrùn fún ẹni tó ní gáréèjì tiẹ̀. Nínú àgbàlá kan ní Lágẹrẹ̀, ibi tí ọkọ̀ ń sùn náà ni jẹnẹrétọ̀ ń sùn, kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, aṣọ tí wọ́n sá á máa kán lé méjèèjì lórí, wáyà ṣáàjì á sì gba ojú fèrèsé jáde. Ẹ tú gbogbo ìyẹn ká lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gbọ́ ìkéde. Ẹ gbé ọkọ̀ jìnnà sí ògiri, sí kẹ́ẹ̀gì, sí ọkọ̀ míì. Bí àyè ò bá sí nílé, ẹ bẹ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí iléèwé tó ní pápá, kẹ́ ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ fún wọn.

Wàhálà tó kù ni pé òru ni NEPA sábà máa ń rántí wa. Bí iná bá dé láago kan òru, ẹ má fi ọkọ̀ sórí rẹ̀ kẹ́ ẹ wá lọ sùn. Ẹ dúró tì í, tàbí kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ dọ̀la. Iná bátìrì yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń da iyẹ̀pẹ̀ pa: omi púpọ̀ ló ń fẹ́, ó sì lè tún sọ lẹ́yìn wákàtí mélòó kan tí gbogbo èèyàn ti rò pé ó kú. Bẹ́ ẹ bá rí èéfín, ẹ sá, kẹ́ ẹ pe panápaná.

Ẹ má sì pe rìwáyà kó wá ṣí i wò. Rìwáyà tó mọ Corolla dénú egungun lè má rí irú èyí rí. Iná tó ń gba inú wáyà aláwọ̀ ọsàn yẹn ń pa èèyàn.

Ẹ kọ̀wé

“Ẹ má dààmú, bọ̀dá, wọ́n ti gbọ́ l'Ékòó,” ni agẹ́ńtì máa sọ lórí fóònù, á sì máa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ títí oṣù mẹ́ta. Ilé-iṣẹ́ tó ni ọkọ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ kọ̀wé sí, nípa ímeèlì, kó má gùn:

“Ọkọ̀ tí mo gbà lọ́wọ́ yín, tí nọ́ńbà ṣáṣí rẹ̀ jẹ́ …, wà lára àwọn tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é pè padà nítorí bátìrì. Mo ti gbé e síbi tí kò ti ní ṣèpalára fún ẹnikẹ́ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi láàárín ọjọ́ 7 bóyá ẹ máa tún un ṣe, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀, tàbí ẹ máa gbà á padà. Mo sì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí owó oṣù dúró fún gbogbo ọjọ́ tí mi ò bá lè lò ó.”

Ẹ so àwòrán nọ́ńbà ṣáṣí mọ́ ọn. Kí èsì tó dé, ẹ ṣì máa san owó oṣù. Ó ń dunni lóòótọ́, àmọ́ ẹ ka àdéhùn yín dáadáa: bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá pa oṣù kan jẹ ti pàdánù ọkọ̀ àti owó, ẹ̀yin lẹ máa ti fún wọn ní àyè.

Àtúnṣe, pàṣípààrọ̀, tàbí ìdápadà

Bí àtúnṣe ò bá ní pẹ́, tí wọ́n sì máa fún yín ní ọkọ̀ míì lò, èmi á ní kẹ́ ẹ gbà bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ń retí bátìrì láti òkè òkun, pàṣípààrọ̀ ló dáa.

Ká ní oṣù 36 ni àdéhùn yín, ₦250,000 lóṣù, ẹ sì ti san ti oṣù 14. ₦3,500,000 nìyẹn. Ìwé ọkọ̀ kejì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́ni jẹ: wọ́n á fi ẹ̀rín gbé ìwé tuntun wá, ẹ óò bu ọwọ́ lù ú, oṣù kìíní lẹ óò tún bá ara yín. Kí wọ́n kọ iye tẹ́ ẹ ti san àti dípọ́sítì yín sínú rẹ̀. Ẹ yẹ nọ́ńbà ṣáṣí ọkọ̀ kejì wò kẹ́ ẹ tó buwọ́ lùwé, kẹ́ ẹ sì bèèrè iye kìlómítà tí bátìrì rẹ̀ ń rìn báyìí, pàápàá bẹ́ ẹ bá ń ná Ifẹ̀ sí Iléṣà lójoojúmọ́.

Ọjọ́ tí wọ́n bá wá gbé e

Ẹ má gbà kí wọ́n fi okùn fà á. Bí táyà ọkọ̀ oníná bá ń yí nílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń wọ́ ọ, mọ́tò inú rẹ̀ á máa mú iná jáde, ó sì lè bà á jẹ́. Ọkọ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ ni kí wọ́n fi gbé e, lówó ara wọn. Ẹ ya fídíò yíká ọkọ̀, dáṣíbọọ̀dù, wáyà ṣáàjì àti kọ́kọ́rọ́ méjèèjì. Ẹ pa orúkọ àti nọ́ńbà fóònù yín rẹ́ nínú ọkọ̀ àti nínú áàpù rẹ̀. Kí ẹni tó wá gbé e buwọ́ lu ìwé tó ní déètì àti aago, lẹ́yìn náà lẹ tó lè sọ fún báǹkì kí wọ́n yé yọ owó.

Bí wọ́n bá kọ̀

Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lórí ìdáàbòbò oníbàárà lọ́dún 2018 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ sí ọjà tí kò léwu. FCCPC ni àjọ tó ń bójú tó o, wọ́n sì ń gba ẹ̀sùn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ to lẹ́tà, rìsíìtì àti àwòrán bí déètì wọn ṣe tẹ̀ léra, kẹ́ ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ní gbólóhùn kan, bóyá ọkọ̀ ni àbí owó, kẹ́ ẹ sì fi ẹ̀dà ẹ̀sùn náà ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ lọ́jọ́ kan náà.