Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ bí a bá ń tún ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ ìjàpá ṣe

Ọ̀pọ̀ ìjàpá tó ṣì ń rìn láàárín Kàbà, Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ ni wọ́n ti pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì wọn lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, síbẹ̀ tí orí wọn ń gbọ̀n bíi ti ẹni tí ibà mú. Ṣọ́ọ̀kì kọ́ ló ń gbé imú Volkswagen yìí dúró. Páìpù irin méjì ló dùbúlẹ̀ níbùú lábẹ́ rẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ni irin pẹlẹbẹ wà, tí wọ́n kó jọ bí ìdì ìgbálẹ̀. Bí táyà bá gòkè, wọ́n á lọ́. Bó bá sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á tú padà. Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì kò ju kó má jẹ́ kí ọkọ̀ máa fò ṣáá lẹ́yìn tí táyà bá ti jáde nínú gálọ́ọ̀pù. (Irú 1302 àti 1303 yàtọ̀, sípíríńgì rọ́bọ́tọ́ ni tiwọn, wọn ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí.)

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni kí èèyàn ra ohun tuntun lé ohun tó ti jẹ lórí. Ẹ kọ́kọ́ gbé imú ọkọ̀ kúrò nílẹ̀, kí ẹ fi irin ìdúró tàbí gẹdú tó nípọn gbé e. Ẹ má ṣe lo búlọ́ọ̀kù oníhò tí a fi ń kọ́lé, nítorí ṣe ló máa ń fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà láìkìlọ̀ fún yín. Ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ máa tì í, kí ẹ máa fà á. Bó bá ń ró kọ́kọ́kọ́, ẹ ní kí ẹnìkan tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, kí ẹ tún tì í. Bí ìró náà bá dákẹ́, bẹ́árìnì táyà ni. Bí kò bá dákẹ́, bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì (oríkèé irin rọ́bọ́tọ́ tí ẹsẹ̀ táyà fi ń yí) ni, tàbí bẹ́árìnì inú páìpù. Lẹ́yìn náà, ẹ di táyà mú lọ́tùn-ún àti lósì: mímì tibẹ̀ sábà máa ń wá láti táì rọ́ọ̀dù (irin tó ń fa táyà bí sítíárìn bá yí) tàbí bọ́kísì sítíárìn.

Ṣọ́ọ̀kì kékeré kan wà tó so mọ́ sítíárìn. Tuntun rẹ̀ máa ń pa orí gbígbọ̀n mọ́ fún ìgbà díẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn mẹkáníìkì fi fẹ́ràn rẹ̀. Bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì tó ti jẹ ṣì wà níbẹ̀, ó ń jẹ lọ. Irú ẹ̀tàn kan náà ni kí wọ́n máa fún ìdè orí bọ́kísì sítíárìn. Ìgbà tí táyà bá kọjú síwájú gbọọrọ ni bọ́kísì náà máa ń le jù. Ẹni tó bá dè é nígbà tí táyà yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ yóò rí i pé sítíárìn kò fẹ́ padà sí àárín mọ́.

Ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n we sípíríńgì mọ́ lára ni ká sọ̀rọ̀ lé dáadáa, torí àwọn tó fẹ́ kí imú ọkọ̀ ga fún ọ̀nà oko ló ń rà á. Ẹ wo ibi tí orí ṣọ́ọ̀kì so mọ́: irin tín-ín-rín tí wọ́n jó mọ́ páìpù méjèèjì ni. Wọ́n ṣe é kó lè fara da fífà àti títì ṣọ́ọ̀kì, kì í ṣe kó gbé ẹrù. Bí sípíríńgì bá ń gbé ọkọ̀ níbẹ̀, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan á kọ́kọ́ hàn lójú jíjó, ìpẹtà pupa á yọ níbẹ̀, lọ́jọ́ kan irin á ya. Ṣọ́ọ̀kì olóyìnbó tó kún fún gáàsì kò burú, àmọ́ ó máa ń le jù fún imú tí kò ní ẹ́ńjìnì. Olóròóró lásán ló bá ọ̀nà wa mu.

Àwọn ọ̀dọ́ sì fẹ́ kó wálẹ̀. Wọ́n á gé àárín páìpù, wọ́n á jó ohun ìyípo sí i, wọ́n á rẹ imú sílẹ̀. Bó bá wálẹ̀ jù, bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì á tẹ̀ kọjá ibi tó lè tẹ̀ dé, ṣọ́ọ̀kì gígùn á máa kanlẹ̀, táyà á máa jẹ ẹ̀gbẹ́ irin tó bò ó lókè. Ohun tí wọn kì í tètè rí ni pé bí imú bá ti tẹ̀, ìdagun ẹsẹ̀ (bí orí ẹsẹ̀ táyà ṣe fì sẹ́yìn) á dínkù. Lójú gálọ́ọ̀pù ẹ ò ní mọ̀. Ẹ jẹ́ kó dé orí kọnkéré Ọ̀bájánà sí Kàbà, kí ẹ sáré díẹ̀: ọkọ̀ á máa rìn bí ọ̀mùtí. Pẹlẹbẹ irin tí wọ́n ń fi sẹ́yìn páìpù ìsàlẹ̀ ló ń dá ìdagun náà padà. Ní tiwa, ẹ jẹ́ kí gíga rẹ̀ wà bó ṣe wà.

Ẹni tó bá sì fẹ́ jó nǹkan mọ́ páìpù náà, kó kọ́kọ́ tú táńkì epo kúrò pátápátá. Òkè rẹ̀ gan-an ni táńkì jókòó sí. Ká fi aṣọ tútù bò ó kò tó, nítorí ooru epo nìkan ti tó gbiná.

Ẹ má fi ọdún ọkọ̀ ra páàtì. Oṣù kẹjọ ọdún 1965 ni ilé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lórí kíńgì pín-ìn-nì (irin gbọọrọ tí táyà ìgbà àtijọ́ fi ń yí) bọ́ sí bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì, àlàfo páìpù méjèèjì sì yàtọ̀, wọn kì í bára wọn mu. Àmọ́ a ti pààrọ̀ ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ láàárín ọdún wọ̀nyí, nítorí náà ẹ bọ́ sábẹ́, ẹ fojú rí i. Nàìjíríà bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún lójú títì ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972. Ìjàpá tó wọlé ṣáájú ìgbà náà lè ní sítíárìn lápá ọ̀tún. Táì rọ́ọ̀dù gígùn máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́ tí awakọ̀ kò jókòó sí.

Bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì tuntun ń fẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀. Òòlù á fẹ ojú ihò, á ya rọ́bà, omi àti iyẹ̀pẹ̀ pupa á wọlé. Òrùka tó yí ọrùn bọ́ọ̀lù òkè ká kì í ṣe wọ́ṣà lásán: òun ló ń pinnu bóyá táyà á dúró ṣánṣán tàbí á fì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ kọ́kọ́ dojú àmì ara rẹ̀ kọ iwájú.

Nọ́ọ̀tì bẹ́árìnì táyà òsì ń tú lọ́nà òdì, ọ̀pọ̀ ti fi agídí já a. Bí ẹ bá dè é tán, wọ́ṣà abẹ́ nọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ lè sún díẹ̀ bí ẹ bá fi sukirudírẹ́fà tì í. Bó bá le gbagidi, bẹ́árìnì á jóná.

Ibi gíríìsì mẹ́rin ló wà lára páìpù méjèèjì. Ẹ gbé táyà kúrò nílẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, torí bí ẹrù bá wà lórí rẹ̀, gíríìsì kì í dé ibi tó ń jẹ. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ títí èyí tó mọ́ á fi yọ lẹ́bàá apá tó so táyà mọ́ páìpù. Ẹ nu ojú ihò ná, àìṣe bẹ́ẹ̀ iyẹ̀pẹ̀ lẹ ń tì wọlé.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, ẹ wọn àárín táyà méjèèjì níwájú àti lẹ́yìn, ní gíga ihò àárín táyà: iwájú gbọ́dọ̀ dín ní mìlímítà 2 sí 4. Ẹ wá lọ bá fọkanáísà, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó fún un ní atẹ́gùn 35 psi bíi ti jíípù. Nǹkan bíi 18 níwájú, 27 lẹ́yìn, fún táyà réédíà tínrín tí ó bá a wá.