Ṣé ajá òṣùpá ni Àgùàlà? Alẹ́ mẹ́rin àti ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ tó láti mọ̀

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ òwe yìí sójú pátákó: "Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má túmọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ojú ọ̀run dá àwọn ọmọ lóhùn.

Ìgbà tí Àgùàlà (ìyẹn Venus) bá ń tàn ní ìwọ̀-oòrùn nírọ̀lẹ́ ni kí ẹ ṣe é. Ní Èkìtì, ìparí oṣù kẹwàá sí oṣù kọkànlá ló dára jù: òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, eruku ọyẹ́ kò sì tíì bo ìràwọ̀. Bí Àgùàlà bá ti ṣí lọ sí ìdájí, ẹ lo ìràwọ̀ kan tó mọ́lẹ̀ dáadáa nítòsí òṣùpá.

Ọjọ́ kejì tí oṣù bá lé ni kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ní aago 7:15 alẹ́, fún alẹ́ mẹ́rin, kí oníkálukú dúró ní ọgbà ilé wọn. Kí ọmọ na apá gbọọrọ, kó di ojú kan, kó di ẹ̀ṣẹ́. Fífẹ̀ ẹ̀ṣẹ́ náà tó dìgírì 10, ìka tó kéré jù tó dìgírì 1. Láti ìsàlẹ̀ ọ̀run dé àtàrí, ẹ̀ṣẹ́ 9 ni. Ọmọ tó bá ka 6, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ló ká: ẹ̀ṣẹ́ tó sún mọ́ ojú á bo ibi púpọ̀. Ọwọ́ kékeré kò ba nǹkan jẹ́, torí apá ọmọ náà kúrú.

Ẹ má ní kí wọ́n wọn òṣùpá láti ilẹ̀ o. Àpáta Ìkéré àti òkè Ẹ̀fọ̀n á da iye rú. Àárín òṣùpá sí Àgùàlà ni kí wọ́n wọ̀n, kí wọ́n sì kọ èwo ló wà lókè.

Kí wọ́n ya àwòrán pẹ̀lú. Níbí, oṣù tuntun máa ń sùn bí igbá tó kọjú sókè. Èyí tó bá nàró ṣánṣán, inú ìwé ni ọmọ ti dà á kọ. Alẹ́ tí ìkùukùu bá bò ó, "kò hàn" ni kí wọ́n kọ.

Lálaalẹ́, òṣùpá á sún síhà ìlà-oòrùn ní nǹkan bí dìgírì 13, ìyẹn ẹ̀ṣẹ́ kan àti ìka kékeré mẹ́ta. Àgùàlà ò sún ju bí dìgírì 1 lọ. Bí òṣùpá bá bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, àlàfo á kọ́kọ́ dínkù kó tó máa fẹ̀ sí i. Bí Àgùàlà bá jẹ́ ajá tó ń tẹ̀lé òṣùpá ni, àlàfo náà kò ní yí padà báyìí.

Lẹ́yìn àrànmọ́jú, òṣùpá á máa pẹ́ yọ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ kẹta sí ìkẹfà, wọ́n á rí i ní ìwọ̀-oòrùn nígbà tí wọ́n bá tò fún àdúrà àárọ̀.