Mo ṣí fíìtà àti sàléńsà alùpùpù mi, ó wá ń yìnbọn: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí alùpùpù àtijọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Alùpùpù mi ti dàgbà, oní-kábúrétọ̀ ni. Mo yọ àpótí fíìtà rẹ̀ dànù, mo fi fíìtà kékeré tí wọ́n máa ń dè mọ́ ẹnu kábúrétọ̀ rọ́pò rẹ̀, mo sì gbé sàléńsà tó ṣí gbayawu sí i. Ariwo rẹ̀ dùn létí, àmọ́ agbára rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Tí mo bá fún un níná dé ìdajì, á kọ́kọ́ rọ̀ bí ẹni pé epo fẹ́ tán, kó tó gbéra. Tí mo bá dá ọwọ́ iná padà, á máa yìnbọn nídìí sàléńsà. Kí ló ń ṣe é?

Ìdáhùn: Ẹ fi afẹ́fẹ́ kún un, ẹ ò fi epo kún un. Nígbà tí wọ́n ṣe alùpùpù yìí, ihò jẹ́ẹ̀tì inú kábúrétọ̀, ìyẹn ihò tín-ín-rín tí epo ń gbà kọjá, ni wọ́n wọ̀n kó bá afẹ́fẹ́ tó ń gba inú àpótí fíìtà wọlé àti èéfín tó ń gba sàléńsà àkọ́kọ́ jáde mu. Ẹ ṣí ẹnu ọ̀nà méjèèjì, ihò epo ṣì wà bó ṣe wà. Bí afẹ́fẹ́ bá ti pọ̀ ju epo lọ báyìí, nígbà tí ẹ bá dá ọwọ́ iná padà, ẹ́ńjìnì á máa kùnà láti jó epo náà. Èyí tí kò jó á bọ́ sínú sàléńsà tó ti gbóná, ibẹ̀ ni yóò ti gbiná. Ohun tí ẹ ń gbọ́ bí ìbọn nìyẹn.

Ẹ má tíì ra jẹ́ẹ̀tì o. Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí páìpù sàléńsà ti so mọ́ orí ẹ́ńjìnì. Gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìdí tó wà láàárín irin méjèèjì kí èéfín má bàa jò, tí wọ́n ti fún pa lẹ́ẹ̀kan kì í sábà dì dáadáa mọ́. Bí ẹ bá rí ipa dúdú èéfín lára irin níbẹ̀, ó ń jò, afẹ́fẹ́ á sì máa gbabẹ̀ wọlé, tí yóò máa yìnbọn bí jẹ́ẹ̀tì tilẹ̀ péye. Lẹ́yìn èyí, ẹ wo róbà tó so kábúrétọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnì. Róbà tó ti pẹ́ máa ń sán lábẹ́, níbi tí ojú kì í dé. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì wà ní sílò, kó máa ṣiṣẹ́ láìfún un níná, kí ẹ fín omi díẹ̀díẹ̀ yí róbà náà ká. Ibi tí omi bá kàn tí ìró ẹ́ńjìnì yí padà, ibẹ̀ ló ti ń fa afẹ́fẹ́. Àwọn mẹkáníìkì kan máa ń fín oògùn tí wọ́n fi ń fọ kábúrétọ̀. Òun náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó lè gbiná lára irin gbígbóná, omi tẹ́ mi lọ́rùn.

Bí méjèèjì bá dáa, ó kan jẹ́ẹ̀tì. Jẹ́ẹ̀tì kékeré ló ń bójú tó sílò títí dé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ọwọ́ iná. Abẹ́rẹ́ inú kábúrétọ̀ ló gbà á láti ibẹ̀ dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Jẹ́ẹ̀tì ńlá ló ni ìyókù. Ẹ lẹ tépù mọ́ ọwọ́ iná, kí ẹ fa ìlà sí i, kí ẹ lè mọ ibi tó ti ń rọ̀ gan-an, torí pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń pààrọ̀ jẹ́ẹ̀tì ńlá fún àìsàn tí kì í ṣe tirẹ̀. Tiyín yìí, ìdajì, abẹ́rẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Ẹ óò rí àwọn ojú kéékèèké tí wọ́n gé sí òkè rẹ̀, pẹ̀lú kílíìpù tín-ín-rín kan tó há sínú ọ̀kan nínú wọn. Ẹ sọ kílíìpù náà kalẹ̀ sí ojú tó tẹ̀ lé e nísàlẹ̀: abẹ́rẹ́ á ga sókè, epo á sì pọ̀ sí i. Ojú kan péré ni o, kí ẹ tó gùn ún wò. Bí ẹ bá dé orí jẹ́ẹ̀tì ńlá, bákan náà ni. Ẹni tí jẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà 110, kó lọ sí 112.5 tàbí 115. Kó má fò sí 130 kó tó mọ ohun tó ń ṣe.

Bí ẹ kò bá mọ̀ bóyá epo kéré ni tàbí ó pọ̀ jù, ẹ fa ṣóòkì díẹ̀ nígbà tó bá ń rọ̀. Tó bá gbéra, epo ló ń wá. Tó bá burú sí i, epo ti pọ̀ jù.

Púlọ́ọ̀gì náà máa ń sọ̀rọ̀. Ẹ fún un níná tán lójú ọ̀nà tó dá, kí ẹ pa ẹ́ńjìnì níbi tí iná ṣì kún, kí ẹ fún kílọ́ọ̀ṣì lójú ẹsẹ̀, kí ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ tú púlọ́ọ̀gì. Tí tanganran rẹ̀ bá funfun báláú, epo kéré. Tí ó bá dúdú tó sì ní èédú gbígbẹ lára, epo pọ̀ jù. Àwọ̀ ara ilẹ̀ ni a ń wá. Epo òde òní tí kò ní òjé nínú kì í fi àwọ̀ sílẹ̀ tó ti àtijọ́, nítorí náà ẹ má fi púlọ́ọ̀gì nìkan dájọ́.

Ìbéèrè: Ọ̀gá, wọ́n ní ẹ́ńjìnì ń fẹ́ kí nǹkan dí èéfín lọ́nà díẹ̀ kó tó lè lágbára. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Kò sí ẹ́ńjìnì tó ń jèrè pé èéfín rẹ̀ kò rọ́nà jáde. Àmọ́ èéfín tó bá sáré jáde máa ń fa èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀, gígùn àti fífẹ̀ páìpù ló sì ń pinnu ìgbà tí fífà náà máa ṣe ẹ́ńjìnì láǹfààní. Tí páìpù bá fẹ̀ jù, èéfín á máa fàlẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì ò tíì yí kíá, alùpùpù á sì ya ọ̀lẹ nísàlẹ̀. Ohun tí wọ́n rí nìyẹn tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Mo ti yí jẹ́ẹ̀tì àti abẹ́rẹ́ títí, síbẹ̀ àárín ọwọ́ iná kò tíì dáa. Irú kábúrétọ̀ tó ní róbà pẹlẹbẹ lábẹ́ ọmọrí ni tèmi.

Ìdáhùn: Ẹ dá àpótí fíìtà padà. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé písítìn inú irú kábúrétọ̀ bẹ́ẹ̀ sókè, kì í ṣe wáyà ọwọ́ iná, ó sì fẹ́ kí afẹ́fẹ́ náà rọra wọlé lọ́gbọọgba. Iṣẹ́ tí àpótí ń ṣe nìyẹn. Fíìtà kékeré tó wà ní gbangba máa ń gba atẹ́gùn ojú ọ̀nà láti ẹ̀gbẹ́, písítìn á sì máa gbọ̀n. Ẹ fi fíìtà tuntun sínú àpótí náà, kí ẹ fi sàléńsà tuntun sílẹ̀ níbi tó wà, kí ẹ tún jẹ́ẹ̀tì wọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wo róbà pẹlẹbẹ yẹn pẹ̀lú. Ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, bí ihò bíńtín bá wà lára rẹ̀, kò sí jẹ́ẹ̀tì tó máa tún un ṣe.

Ìbéèrè: Ẹ káàsán, sà. Dísíìkì kan ló wà níwájú tẹ́lẹ̀, mo sọ ọ́ di méjì, mo sì fi họ́ọ̀sì onírin híhun rọ́pò ti róbà. Ní báyìí ọwọ́ bíréèkì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan hándù kó tó mú. Mo ti yọ afẹ́fẹ́ títí ó sú mi.

Ìdáhùn: Ó lè má jẹ́ afẹ́fẹ́ mọ́. Ẹ fún ọwọ́ bíréèkì léraléra kíákíá. Bó bá ń le tó sì ń ga sókè bí ẹ ṣe ń fún un, afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀. Bí kò bá yí padà, ẹ wo nọ́ńbà ara másítà sílíńdà, ìyẹn ibi tó wà nídìí ọwọ́ bíréèkì tó ń ti ọ́ìlì lọ. Kálípà, ìyẹn ohun tó ń fún dísíìkì mú, ti di méjì, ọ́ìlì tó máa ti písítìn wọn ti di ìlọ́po méjì, ẹni kékeré kan náà lẹ ṣì rán níṣẹ́. Másítà tí inú rẹ̀ fẹ̀ ní 14 mm sábà máa ń wà lára oní-dísíìkì kan, 5/8 ínǹṣì, ìyẹn nǹkan bíi 15.9 mm, sì wọ́pọ̀ lára oní-méjì. Ẹ má sì ra èyí tó tóbi jù ú lọ pé ẹ fẹ́ kó le dáadáa. Á le lóòótọ́, àmọ́ agbára ọwọ́ yín ni yóò máa jẹ.

Bó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ ni, lókè ló máa ń sá pamọ́ sí, lábẹ́ bóòtù oníhò tó so họ́ọ̀sì mọ́ másítà. Ẹ yí hándù kí másítà wà lókè gbogbo ohun yòókù, kí ẹ fi síríńjì ti ọ́ìlì láti ìdí kálípà sókè. Ẹ fi àkísà bo táǹkì alùpùpù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ọ́ìlì bíréèkì máa ń bó ọ̀dà. Wọ́ṣà bàbà tí ẹ bá tú, tuntun ni kí ẹ fi dá a padà. Nínú àwọn irú ọ́ìlì bíréèkì, DOT 3, DOT 4 àti DOT 5.1 lè pàdé ara wọn, ṣùgbọ́n DOT 5 jẹ́ sílíkóònù, kò gbọdọ̀ dà pọ̀ mọ́ wọn. DOT 4 tuntun gbọ́dọ̀ fara da ó kéré tán 230°C kó tó hó, àmọ́ ó máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mu, tí yóò sì lè sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bíi 155°C. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dún méjì méjì.

Kí ẹ tó gùn ún, ẹ yí hándù dé òpin ọ̀tún àti òsì, kí ẹ sì tẹ iwájú alùpùpù wọlẹ̀. Họ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ nà tán, kò sì gbọdọ̀ ha ara táyà.

Ìbéèrè: Bíréèkì iwájú mi máa ń dáa láàárọ̀. Tí mo bá rìn díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í di táyà mú fúnra rẹ̀. Tí mo bá dúró títí ó fi tutù, á tún tú sílẹ̀.

Ìdáhùn: Nígbà tó bá dì í mú, ẹ tú bóòtù kékeré tí a fi ń yọ afẹ́fẹ́ lára kálípà. Bí ọ́ìlì bá ṣẹ́ jáde tí táyà sì yí, ọ̀nà ìpadà ọ́ìlì ti dí. Ó lè jẹ́ ihò tín-ín-rín tó wà nísàlẹ̀ kọ́ọ̀bù másítà, tí ìdọ̀tí sábà máa ń di, ó sì lè jẹ́ họ́ọ̀sì róbà tó ti wú nínú nígbà tí ìta rẹ̀ ṣì ń dán. Bí táyà kò bá yí síbẹ̀, písítìn kálípà ló ti há. Ẹ tú u, ẹ fọ ipẹtà inú ojú ìdè róbà rẹ̀, kí ẹ fi róbà tuntun sí i. Ẹ má gùn ún jáde kí ẹ tó ṣe é.

Ìbéèrè: Bíréèkì ẹ̀yìn mi jẹ́ onídúrọ́ọ̀mù, ó ń han, kò sì mú.

Ìdáhùn: Ojú ṣúù, ìyẹn ohun tó ń ha inú dúrọ́ọ̀mù kó lè mú, ti ń dán bíi gíláàsì. Ẹ fi yanrin pépà ha á díẹ̀, tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má fẹnu fẹ́ eruku inú dúrọ́ọ̀mù, ẹ má sì fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ, torí ṣúù àtijọ́ lè ní asbestos nínú, èyí tí eruku rẹ̀ léwu fún ẹ̀dọ̀fóró. Omi ni kí ẹ fi rin ín, kí ẹ fi àkísà nù ún, kí ẹ sì ju àkísà náà nù.