Bí ọlọ́pàá Kánádà ṣe lè tẹ́tí sí ìpè láìtíì gba àṣẹ adájọ́

Abala 184.4 nínú òfin ọ̀daràn Kánádà ló fàyè gbà á, àmọ́ ohun mẹ́ta gbọ́dọ̀ pé. Kò ní sí àyè láti gba àṣẹ, bó ti wù kí ẹ̀yin ọlọ́pàá yára tó. Títẹ́tí náà gbọ́dọ̀ pọn dandan lójú ẹsẹ̀ láti dènà jàǹbá ńlá sí èèyàn tàbí dúkìá. Ẹni tó ń pè tàbí ẹni tí wọ́n ń pè sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀daràn náà tàbí ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣe ní jàǹbá. Bí ajínigbé bá ń pe bàbá ọmọ torí owó, ẹ lè gbọ́ ìpè yẹn. Ti ọ̀rẹ́ bàbá pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ kọ́ o.

Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣì í rèé: bẹ́ ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹnì kan máa lọ bá adájọ́ lọ́wọ́ kan náà. Abala 188 ń fúnni ní àṣẹ pàjáwìrì tí kì í ju wákàtí 36 lọ. Gbàrà tí àyè àtigba àṣẹ bá ti yọ, agbára 184.4 ti tán. Ẹ kọ aago gbogbo ìgbésẹ̀ sílẹ̀.

Láàárín ọjọ́ 90, ẹni tẹ́ ẹ gbọ́ ìpè rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ìwé ìfitónilétí gbà, àfi bí adájọ́ bá sún un síwájú. Àìsí èyí ló mú kí ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ wọ́gi lé abala 184.4 ti àtijọ́ lọ́dún 2012.