Mercedes 230E Tí Kì Í Sítáàtì Bí Ó Bá Ti Gbóná: Ìrírí Mi

Ní Òṣogbo níbí, àwọn Mercedes àtijọ́ tí wọ́n ṣe láàrin ọdún 1976 sí 1986, èyí tí àwọn tó nímọ̀ nípa wọn ń pè ní W123, kò tíì tán lójú títì. Ẹni tó bá ń gba Òkè-Fìà kọjá yóò rí wọn lábẹ́ ibòòji iwájú ilé àwọn àgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, bẹ́ẹ̀ ni èèyàn a máa rí ọ̀kan tí wọ́n so rìbọ́ọ̀nù mọ́ ní ọjọ́ Sátidé tí wọ́n fi ń gbé ìyàwó. Tèmi kì í ṣe ọkọ̀ ìgbéyàwó, kì í sì í ṣe ọkọ̀ tí mo fi tapólì bò mọ́lẹ̀. 230E ti ọdún 1983 ni, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ onísílíńdà mẹ́rin, ó gba 2299 cc, agbára ẹṣin 136 ló sì ní nígbà tó wà ní tuntun. Òun ni mo ń wà lọ sí ilé ìwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ láràárọ̀, òun ni mo ń wà lọ sọ́jà, òun náà ni mo sì ń gbé lọ sí Ìlẹ́ṣà bí ọ̀ràn ẹbí bá dé.

Ohun tó ń ṣe ọkọ̀ yìí ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn ni mo fẹ́ ṣàlàyé. Ní òwúrọ̀ kùtù, kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ yí kọ́kọ́rọ́ ni, ẹ́ńjìnnì ti dáhùn. Ṣùgbọ́n bí mo bá wà á dé Olú-Òde ní ọ̀sán, tí mo pa á, tí mo sì wọ inú ọjà lọ ra nǹkan fún bí ogún ìṣẹ́jú, nígbà tí mo bá fi máa padà dé, sítátà yóò máa yí, yóò máa yí, kò ní sí ìdáhùn kankan. Bí ó bá wá pàpà dáhùn, gbogbo ara rẹ̀ ni yóò máa gbọ̀n fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó balẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé bí mo bá pa á tí mo tún sítáàtì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kò sí wàhálà. Bí mo bá sì fi í sílẹ̀ di alẹ́, kò sí wàhálà bákan náà. Àárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí wákàtí kan lẹ́yìn tí a bá pa á ni ìjọ̀ngbọ̀n wà. Mo bẹ̀ yín, kí ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí inú rẹ̀ gan-an ni ìdáhùn sá pamọ́ sí.

Mẹkáníìkì tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ bá pààrọ̀ pílọ́ọ̀gì, ó pààrọ̀ kọ́ìlì, ó ní kí n ra bátìrì tuntun, mo sì rà á. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ kò so èso, ó sọ fún mi pé, “Tíṣà, ẹ jẹ́ kí á yọ gbogbo ìńjẹ́ṣọ̀n yìí dànù, kí á fi kàbúrétọ̀ Peugeot 504 sí i. Ọkàn yín á balẹ̀.” Kì í ṣe pé ó fẹ́ rẹ́ mi jẹ. Mo ti rí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ti ṣe báyìí fún, ó sì ń rìn. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Láti ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, kò sí ẹni tó ń wa ọkọ̀ tí kì í ro iye tí òun ń dà sínú táǹkì, ìńjẹ́ṣọ̀n, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, tó bá sì pé ló jẹ́ kí irú ọkọ̀ yìí lè fi nǹkan bíi lítà 10 sí 12 rin 100 kìlómítà. Ẹni tó bá yọ ọ́ dànù ti sọ ohun tó níye lórí jù nínú ẹ́ńjìnnì náà nù, kò sì tíì mọ ohun tó bàjẹ́.

Ẹ̀rọ tó ń fún ẹ́ńjìnnì yìí ní epo ni K-Jetronic, èyí tí ilé iṣẹ́ Bosch ti ilẹ̀ Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ọdún 1973. Kò sí kọ̀ǹpútà nínú rẹ̀ rárá. Pọ́ǹpù iná mànàmáná kan tó wà lábẹ́ ọkọ̀ lẹ́yìn ń ti bẹntiróòlù wá síwájú pẹ̀lú ìfúnpá tó lé ní 5 bar (bar ni wọ́n fi ń wọn ìfúnpá). Afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà ń ti àwo irin kan, àwo náà ń ti ọ̀pá kékeré kan nínú ẹ̀rọ tó ń pín epo, bí ọ̀pá náà bá sì ṣe ga sí ni epo tó ń lọ sí ẹnu sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe ń pọ̀ sí, láìdáwọ́dúró, níwọ̀n ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi wà ni ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí a bá pa ẹ́ńjìnnì. Bí ọkọ̀ bá dúró, fáànù kò fẹ́ mọ́, omi kò yí mọ́, ooru ara irin á wá kó jọ sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bẹntiróòlù tí ìfúnpá kò sí lórí rẹ̀ a máa bẹ̀rẹ̀ sí í di oru ní ìwọ̀n ooru tí kò ju bíi 35 sí 40 °C lọ, oòrùn ọ̀sán Òṣogbo nìkan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìyẹn kí a tó ka ti ẹ́ńjìnnì mọ́ ọn. Nítorí náà ni àwọn tó ṣe ẹ̀rọ yìí fi ṣètò pé kí ìfúnpá díẹ̀ ṣẹ́ kù nínú páìpù, kí epo má bàa di oru. Nǹkan méjì ló ń dá ìfúnpá yẹn dúró. Èkíní ni fáàfù kékeré tó wà lẹ́nu pọ́ǹpù, tí kì í jẹ́ kí epo padà sẹ́yìn. Èkejì ni akumulétọ̀, ìyẹn agolo irin kan tí awọ rọ́bà pín inú rẹ̀ sí méjì: epo wà ní apá kan, sípíríìnì ń ti awọ náà láti apá kejì. Bí ọ̀kan nínú wọn bá bàjẹ́, epo á di oru nínú páìpù, sítátà á sì máa yí lásán títí pọ́ǹpù yóò fi lé oru náà jáde. Bí ọkọ̀ bá tutù tán, oru náà ti padà di epo. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ìjọ̀ngbọ̀n fi wà ní àárín, tí kò sí ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí.

Mo wá mẹkáníìkì mìíràn, àgbàlagbà tó gbà pé kí á kọ́kọ́ wọn ìfúnpá kí á tó tú ohunkóhun. Mo ra géèjì tó lè kà dé 10 bar, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò bá ẹnu páìpù Bosch mu, ọkùnrin kan tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin nítòsí Old Garage ló bá mi fi idẹ gbẹ́ ohun tó so méjèèjì pọ̀. A so géèjì náà sáàrin ẹ̀rọ tó ń pín epo àti régúlétọ̀ tó ń darí ìfúnpá, a sì fi táàpù kékeré sí ọ̀nà régúlétọ̀. Bí a bá ti táàpù, ìfúnpá gbogbo ẹ̀rọ là ń kà. Bí a bá ṣí i, ìfúnpá tí régúlétọ̀ ń darí ni. Èkíní jẹ́ 5.3 bar, èkejì sì jẹ́ 3.5 nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná. Méjèèjì dára, èyí tó fi hàn pé pọ́ǹpù kò ní àìsàn, owó rẹ̀ sì ti bọ́ lọ́rùn mi. A wá pa ẹ́ńjìnnì. Ọwọ́ géèjì tó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀ sí bíi 2.5 tàbí 3, kó sì dúró síbẹ̀, ń sọ̀ kalẹ̀ lójú wa láìdúró, kí n tó nu ọwọ́ mi tán ó ti dé òdo.

Ẹni tó bá wà ní irú ipò yìí kò gbọdọ̀ sáré lọ ra akumulétọ̀, nítorí ọ̀nà tí epo lè gbà jò pọ̀ ju ẹyọ kan lọ. A kọ́kọ́ yọ ìńjẹ́kítọ̀ (ẹnu tó ń fọ́n epo) kékeré tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, a kò yọ páìpù rẹ̀, a kọ ẹnu rẹ̀ sínú ife gíláàsì tó mọ́, rewáyà sì bá wa so wáyà níbi rìlé, ìyẹn swíìṣì iná pọ́ǹpù, kí pọ́ǹpù lè ṣiṣẹ́ láìsí pé ẹ́ńjìnnì ń yí. Ife náà gbẹ. A ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìńjẹ́kítọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àwo afẹ́fẹ́ wà níbi tó yẹ kó wà, kò sí èyí tó kán nínú wọn. Ìyẹn ni pé iwájú kò ní ẹ̀bi, ẹ̀yìn ló kù.

Nínú W123 tó ń lo ìńjẹ́ṣọ̀n, pọ́ǹpù, fílítà àti akumulétọ̀ wà pa pọ̀ lábẹ́ ọkọ̀ ní ọwọ́ ọ̀tún, níwájú táyà ẹ̀yìn díẹ̀, ike kan ló sì bò wọ́n kí òkúta má bàa bà wọ́n. A fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, ṣùgbọ́n orí àga irin la gbé e lé, nítorí n kò gbà kí ẹnikẹ́ni wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan dá dúró, ì báà jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Ọ̀gá sọ fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé, “Ní kété tí mo bá pa pọ́ǹpù, kí o fún họ́ọ̀sì tó ti táǹkì wá yìí pa.” Bí fáàfù ẹnu pọ́ǹpù bá ló bàjẹ́, ìfúnpá ìbá dúró nígbà tí ọ̀nà ẹ̀yìn ti di. Kò dúró. Lẹ́yìn ìyẹn ni a yọ họ́ọ̀sì tín-ín-rín tó wà ní ìdí akumulétọ̀, ní apá ibi tí sípíríìnì wà, ibi tí kò yẹ kí epo dé láéláé. Ẹ̀kán epo kan yọ lẹ́nu rẹ̀, ó rọ̀ díẹ̀, ó já. Òmíràn tẹ̀ lé e. Nígbà tí pọ́ǹpù tún ṣiṣẹ́, ó di okùn tó ń ṣàn sínú abọ́. Awọ rọ́bà inú rẹ̀ ti ya.

Mo ránṣẹ́ sí ọjà Ládípọ̀ ní Èkó. Wọ́n ní tòkunbọ̀, wọ́n sì ní tuntun tí owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti tòkunbọ̀. Lórí ilẹ̀kùn, àga, iná iwájú àti irin bọ́ńpà, èmi gan-an a máa ra tòkunbọ̀ tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, nítorí irin àti gíláàsì àtijọ́ wọ̀nyẹn lágbára ju ohun tí wọ́n ń ṣe lónìí lọ. Ṣùgbọ́n rọ́bà tó ti lo ọgbọ̀n ọdún nínú bẹntiróòlù kò ní ohun tó fẹ́ fi ṣe ọkọ̀ mi lóore. Mo ra tuntun, mo ra fílítà tuntun, wáṣà tuntun fún gbogbo ojúkò páìpù, họ́ọ̀sì, àti fáàfù ẹnu pọ́ǹpù pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì bàjẹ́, nítorí owó rẹ̀ kò pọ̀, ibi tí a ó sì tún wọ̀ láti yọ ọ́ lọ́jọ́ mìíràn kò rọrùn.

Ní ti iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, ìṣọ́ra ló gbà ju agbára lọ. A yọ orí òdì (nẹ́gátíìfù) bátìrì, a ṣí ìdérí táǹkì kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde, a gbé ọkọ̀ jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń jó irin, a sì gbé ẹ̀rọ paná sí tòsí. A fi aṣọ wé nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan kí a tó tú u díẹ̀díẹ̀, nítorí epo tó wà lábẹ́ ìfúnpá lè ta sí ojú. Ọfà tó wà lára fílítà gbọ́dọ̀ kọjú sí ọ̀nà tí epo ń gbà lọ síwájú. Ike pẹlẹbẹ kan wà láàrin fílítà àti irin tó dì í mú, ọ̀pọ̀ ni kì í dá a padà. Bí kò bá sí níbẹ̀, irin méjèèjì á máa fi ara kan ara, ìpẹtà á sì jẹ fílítà títí yóò fi lu. Mo tún rí i pé rọ́bà tí wọ́n fi gbé pọ́ǹpù kọ́ ti ya, òun ló ń jẹ́ kí ariwo wọ inú ọkọ̀. A pààrọ̀ ìyẹn náà. Lẹ́yìn tí a dè é tán, pọ́ǹpù la kọ́kọ́ mú ṣiṣẹ́ kí a tó sítáàtì, mo sì fi aṣọ gbígbẹ nu ojúkò kọ̀ọ̀kan láti mọ̀ bóyá èyíkéyìí ń sun epo. Kò sí.

Géèjì dúró sí 2.6 lẹ́yìn ààbọ̀ wákàtí. Mo wà á lọ sí Ìkìrun lábẹ́ oòrùn, mo padà, mo pa á ní Olú-Òde, mo ra iṣu àti ata láìkánjú. Nígbà tí mo yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì gbọ̀n. Inú mi dùn gan-an, mo pe Ọ̀gá lórí fóònù láti inú ọjà níbẹ̀, kí ó lè gbọ́ ìró rẹ̀.

Ohun kan ṣì kù. Nígbà tí a fi ayùn la fílítà àtijọ́ náà, ìyàngbò ìpẹtà pupa ló kún inú rẹ̀, inú táǹkì nìkan ló sì lè ti wá. Mo dúró títí epo fi kù díẹ̀ nínú táǹkì, a fa ìyókù jáde sínú kẹ́ẹ̀gì, a sì tú nọ́ọ̀tì ńlá tó wà ní ìsàlẹ̀ táǹkì tí asẹ́ wà lára rẹ̀. Ẹ̀gbin ti dí ojú asẹ́ náà dé ìdajì. A fi bẹntiróòlù àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ̀ ọ́, a fọ inú táǹkì títí ohun tó ń jáde fi mọ́, a sì dá asẹ́ padà pẹ̀lú wáṣà tuntun. Mo wá fi máákà dúdú kọ iye kìlómítà tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù sí ara fílítà tuntun, kí ẹnikẹ́ni tó bá tún wọ abẹ́ ọkọ̀ náà lè mọ ìgbà tí a fi í síbẹ̀.