Kí Ẹ Tó Gbé Ọrẹ Dé Iwájú Pẹpẹ

Aṣọ ni mò ń tà ní ọjà Wuse ní Àbújá, mo sì ń kọ́ àwọn ìyá ní Bíbélì ní ìjọ wa ní Nyanya. Wọ́n máa ń bi mí pé, "Ìyá, mò ń gbààwẹ̀, mi ò pa ìsìn jẹ, kí ló dé tí ọkàn mi ṣì jìnnà sí Ọlọ́run?" Ohun tí mo máa ń ní kí wọ́n ṣe nìyí.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ gan-an ni kí ẹ bá A sọ. Bí owó ilé bá ti tó san tí kò sí lọ́wọ́, ẹ ní ẹ̀rù ń bà yín. Nínú Sáàmù 13, Dáfídì bi Ọlọ́run pé ṣé títí láé ni yóò gbàgbé òun ni. Kí Sáàmù náà tó parí, orin ló ń kọ. Kò di dandan kí ẹ pariwo. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nyanya láàárọ̀, ẹ lè gbàdúrà bíi Hánà inú Bíbélì, tí ètè rẹ̀ nìkan ń mì, tí àlùfáà Élì fi rò pé ó ti mutí yó.

Oúnjẹ tí ẹ ò jẹ lọ́jọ́ ààwẹ̀, ẹ gbé e fún ẹni tí ebi ń pa. Aísáyà 58 ti sọ ìyẹn tán.

Èyí tó le jù wà nínú Mátíù 5:23-24: bí o bá mú ọrẹ dé pẹpẹ, tí o sì rántí pé arákùnrin rẹ ní ohun kan sí ọ, lọ bá a làjà ná. Ẹ kíyè sí i, òun ló ní nǹkan sí yín! Nítorí náà, lálẹ́ Sátidé, kí ẹ tó máa lọ aṣọ ìsìn, ẹ ronú. Ṣé ẹ ti san owó ọmọ tó ń bá yín tajà? Mai ruwa tó ń já omi fún yín ńkọ́? Ẹ san án lálẹ́ ọjọ́ náà. Bó bá jẹ́ ìyàwó àbúrò ọkọ yín lẹ ṣẹ̀, ẹ pè é, ẹ má fi àtẹ̀jíṣẹ́ ṣe é. Ẹ má ṣàlàyé púpọ̀: "Mo ṣẹ̀ ọ́, jọ̀ọ́, má bínú." Bí kò bá gbé e, ẹ tún pè lọ́jọ́ kejì. Bó bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ ti ṣe tiyín. Ẹ sọ fún Ọlọ́run bó ṣe dùn yín tó.

Mi ò ní kí ẹ pa ìsìn tì o. Jésù fúnra Rẹ̀ a máa lọ sí sínágọ́gù bí ìṣe Rẹ̀, Lúùkù 4:16. Kò sì ní ká gbé ọrẹ náà padà sílé. Ó ní ká fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ká lọ parí ìjà, ká wá padà wá fi í fún Ọlọ́run. Bí ìpè yẹn bá mú yín pẹ́ dé ìsìn, ẹ ṣáà wọlé, ẹ wá àyè jókòó.